Ilé Tó Lè Fara Da Ooru àti Omi

Lọ́dún 2019, a gba ilé oníyàrá méjì kan nílùú Lọ́kọ́jà, níbi tí kò jìnnà sí odò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé náà, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, owó rẹ̀ ò sì ju agbára wa lọ. Inú wa dùn gan-an. Àmọ́ nígbà tí òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lemọ́lemọ́, ọ̀dà ara ògiri pálọ̀ ń bó díẹ̀díẹ̀, la bá rí ìlà kan lábẹ́ rẹ̀. Ìlà náà pọ́n bí ilẹ̀, ó sì lọ gbọọrọ yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, àfi bíi pé ẹnì kan fi okùn wọ̀n ọ́n. Ó ga dé àyà àgbàlagbà. A kọ́kọ́ rò pé páìpù kan ló ń jò nínú ògiri. Màmá àgbà tó wà nílé kejì ló wá là wá lóye pé ibi tí omi odò dé lọ́dún 2012 nìyẹn. Lánlọ́ọ̀dù ti kun ún mọ́lẹ̀ kó tó wá ayálégbé.

A ò kó kúrò. Ẹ ò ní dá wa lẹ́bi tẹ́ ẹ bá mọ bó ṣe máa ń nira tó láti rí owó ilé ọdún méjì san lẹ́ẹ̀kan náà. A ń sọ fúnra wa pé irú omi bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì lójú ayé ẹnì kan. Nígbà tó di October 2022, ó wá.

Gbogbo ẹni tó mọ Lọ́kọ́jà mọ̀ pé ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Tí odò méjèèjì bá kún lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ẹjọ́ sùn. Omíyalé ọdún 2012 pa èèyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2022 pa èèyàn tó ju 600 lọ, nǹkan bí 1,400,000 ló sì sá kúrò nílé wọn. Omi bo títì tó lọ sí Abuja, àwọn ọkọ̀ agbépo ò lè kọjá, epo sì wọ́n lọ́hùn-ún fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tí omi ò dé ilé ẹ̀ náà jẹ nínú ìyà yẹn.

Ohun tó tún wá yani lẹ́nu ni pé ilé tí omi wọ̀ ní October yìí, nígbà tó bá fi máa di oṣù March, ṣe ló máa ń gbóná bí ààrò. Àárín òkè Patti àti odò ni ìlú yẹn wà, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín. Àwọn ọmọ wa kì í lè sùn nínú yàrá. Tó bá ti di aago mọ́kànlá alẹ́, a ti tẹ́ ẹní síta, ẹ̀fọn ń jẹ wá, síbẹ̀ ìta sàn ju inú lọ. Nígbà tílẹ̀ bá mọ́, àwọn ọmọ á máa tòògbé lọ sílé ìwé.

Kì í ṣe Lọ́kọ́jà nìkan. Ní April 3, 2024, ooru ìlú Kayes lórílẹ̀-èdè Mali dé ìwọ̀n 48.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, iná mànàmáná ń lọ ṣáá ní Bamako, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló sì kú. Ní ti òjò ọdún 2022, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní World Weather Attribution ṣàyẹ̀wò rẹ̀, wọ́n sì sọ pé bí ayé ṣe ń móoru sí i ti mú kí irú òjò tó rọ̀ lágbègbè Odò Ọya àti Adágún Chad lásìkò yẹn tètè ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po 80. Ojú ọjọ́ ti yí pa dà, àmọ́ ilé tá à ń gbé ò tíì yí pa dà.

Òrùlé ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wo irú ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Bulọ́ọ̀kù oníhò la fi mọ ògiri rẹ̀, páànù ló wà lórí rẹ̀, síìlìn pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ páànù náà, gbogbo etí ẹ̀ la sì dí pa kí ẹyẹ àti àdán má bàa wọlé. Tí oòrùn bá ń pa páànù yẹn láti àárọ̀, irin náà á gbóná débi téèyàn ò ní lè fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín páànù àti síìlìn ò ríbi jáde, á wá di bí omi tó ń hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa. Síìlìn á gbóná, òun náà á wá máa da ooru sí wa lórí. Bulọ́ọ̀kù tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti pa náà á máa tú ooru tó fà mu sínú yàrá títí di ọ̀gànjọ́. Ìdí nìyẹn tí ìta fi máa ń tutù lálẹ́ tí inú ilé ò sì ní tutù.

Ilé àwọn bàbá ńlá wa ò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri amọ̀ wọn nípọn, koríko tàbí ewé ni wọ́n fi bo òrùlé, àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú. A ò sọ pé ká pa dà síbẹ̀ o. Koríko máa ń gbiná, ó máa ń jò, eku àti ejò sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn òbí wa mọ ohun tí wọ́n ń sá fún nígbà tí wọ́n lọ ra páànù. Àmọ́ nígbà tá a ju ilé àtijọ́ nù, a ju ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ nù mọ́ ọn. Ní báyìí, ẹni tó bá ní owó díẹ̀ ń fi páànù dúdú kọ́lé torí pé òun ló wà lóde. Òrùlé dúdú, nílẹ̀ Adúláwọ̀, lábẹ́ oòrùn tó ń pani yìí!

Ilé ìwé tí kò nílò fáànù

Ọ̀kan lára àwọn tó ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ jù ni ọmọ abúlé kan tó ń jẹ́ Gando. Abúlé náà wà ní apá gúúsù ìlà oòrùn Burkina Faso, nítòsí ìlú Tenkodogo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Diébédo Francis Kéré lọ́dún 1965, bàbá rẹ̀ sì ni olórí abúlé náà. Kò sí ilé ìwé ní Gando nígbà yẹn, torí náà ọmọ ọdún méje péré ni Kéré nígbà tó fi ìyá àti bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Tenkodogo kó lè kàwé. Kíláàsì tó bá níbẹ̀ ṣókùnkùn, ó móoru, ó sì kún fọ́fọ́, àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá kan ṣoṣo ju ọgọ́rùn-ún lọ. Kéré ò gbàgbé ooru yẹn. Nígbà tó yá, ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Jámánì lọ́dún 1985, ó lọ sílé ìwé alẹ́, ó sì wọ yunifásítì ní Berlin láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ilé. Kó tó gboyè jáde rárá ló ti ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún kí abúlé rẹ̀ lè ní ilé ìwé. Wọ́n kọ́ ilé ìwé náà parí lọ́dún 2001.

Nígbà tó sọ fáwọn ará ilé pé amọ̀ lòun fẹ́ lò, inú wọn ò dùn. Gbogbo èèyàn ní Gando ló mọ ohun tí òjò máa ń ṣe fún ilé amọ̀. Wọ́n ti rò pé ẹni tó ti Jámánì dé á kọ́ ilé oníkọnkéré, á sì fi gíláàsì sí i. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló máa jó nínú wa tí ọmọ tá a rán lọ sókè òkun bá dé tó ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lòun fẹ́ fi kọ́lé fún wa?

Kéré ò bá wọn jà. Ó ṣàlàyé, ó sì ṣe é kí wọ́n rí i. Wọ́n po amọ̀ pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ di bíríkì, wọ́n sì sá a kó gbẹ. Nígbà kan, òun àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gun orí òrùlé títẹ̀ kan tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ mọ, wọ́n sì ń fò sókè sódò lórí rẹ̀ kí àwọn tó ń wò lè rí i pé kò ní wó. Gbogbo abúlé ló jáde ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọdé gbé òkúta wá fún ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi láti ọ̀nà jíjìn, àwọn obìnrin náà ló sì to ara wọn tí wọ́n jọ ń lu ilẹ̀ kíláàsì títí ó fi dán. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ ń rí iṣẹ́ olówó ṣe níbòmíì lẹ́yìn náà.

Òrùlé ilé ìwé yìí ló yẹ kéèyàn fara balẹ̀ wò. Òrùlé méjì ni. Èyí tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ síìlìn tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ tò, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ sára rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ kọjá. Èyí tó wà lókè jẹ́ páànù, àmọ́ kò fara kan ògiri. Àwọn ọ̀pá irin tín-ín-rín ni wọ́n jó pọ̀ tí wọ́n fi gbé e sókè, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé agbòjò lé ilé lórí. Etí rẹ̀ sì yọ síta dáadáa kí òjò má bàa lu ògiri. Tí oòrùn bá mú páànù gbóná, atẹ́gùn tó ń gba àárín òrùlé méjèèjì kọjá á gbé ooru náà lọ. Bó ṣe ń lọ, á máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná inú kíláàsì gba inú àlàfo síìlìn sókè, afẹ́fẹ́ tó tutù díẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé dípò rẹ̀. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí fáànù, kò sì sí ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn ọ̀pá irin tá à ń wí yìí kì í ṣe ohun àrà o. Irú èyí tí wọ́n ń tò sínú kọnkéré ni, ayùn ọwọ́ àti ẹ̀rọ wẹ́dà kékeré ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo ẹ̀, torí pé kò sí ẹ̀rọ ńlá tó lè gbé òpó irin gígùn sókè lábúlé yẹn.

Ọmọ 120 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n di nǹkan bí 700. Lọ́dún 2004, ilé ìwé náà gba ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń pè ní Aga Khan Award, nígbà tó sì di ọdún 2022, Kéré gba Pritzker Prize, ẹ̀bùn tí kò sí ọmọ Áfíríkà tó tíì gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Èyí tó wù wá jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni òrùlé ilé ìkàwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé yẹn. Àwọn obìnrin abúlé kó ìkòkò amọ̀ wá, wọ́n gé orí àti ìdí wọn, wọ́n sì tò wọ́n sínú síìlìn kí wọ́n tó da kọnkéré yí wọn ká. Ojú ìkòkò wọ̀nyẹn ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ooru ń gbà jáde.

Ní Burkina Faso kan náà, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Séri Youlou àti birikilà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Thomas Granier dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 2000, orúkọ rẹ̀ ni La Voûte Nubienne. Ilé tí wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ rẹ̀ ò ní páànù, kò sì ní pákó. Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ òrùlé náà, ó máa ń tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ìdí tí wọ́n fi mú un wá ni pé igi tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé ti tán nínú igbó níbi púpọ̀ lágbègbè Sahel. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti dé Mali, Senegal, Gánà, àti orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tó bá kọ́ ọ gbọ́dọ̀ máa tún ara rẹ̀ rẹ́ látìgbàdégbà o. Ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ilé amọ̀ ò ní iṣẹ́ lára.

Ohun tá a ṣe nílé tiwa

Ayálégbé ni wá, a ò lè wó ilé onílé. Fáànù ńlá kan la kọ́kọ́ rà. Owó yẹn jóná. Tí iná bá wà, ṣe ló kàn ń fẹ́ ooru síìlìn sí wa lára, iná ò sì fi bẹ́ẹ̀ wà.

Káfíńtà kan ló gbà wá nímọ̀ràn pé ká lu ihò sí ara ògiri onígun mẹ́ta tó wà lábẹ́ òrùlé, ọ̀kan níwájú ilé, ọ̀kan lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè gba orí síìlìn kọjá. Ó fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó kí àdán má bàa wọlé. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. A rí ìyàtọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, a bẹ lánlọ́ọ̀dù kó jẹ́ ká kun orí páànù ní ọ̀dà funfun. Ó bi wá bóyá ṣọ́ọ̀ṣì la fẹ́ sọ ilé òun dà. Àmọ́ torí pé owó wa ni, ó gbà. Nǹkan funfun máa ń ta ìtànṣán oòrùn pa dà, àmọ́ páànù tó ti dógùn-ún, ṣe ló máa ń fà á mu. Tí ọyẹ́ bá ti da eruku bò ó, ẹ ní láti fọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yin náà á kàn ní òrùlé aláwọ̀ eérú ni.

Èyí tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ fèrèsé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu lọ́sàn-án, tá a sì máa tì í pa lálẹ́ nítorí olè àti ẹ̀fọn. Ó yẹ kó jẹ́ òdì kejì. Tí ìta bá gbóná ju inú lọ, ẹ tì í, kẹ́ ẹ sì fa kọ́tìnì. Tílẹ̀ bá ti ṣú tí ìta sì ti tutù, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀, kí nẹ́ẹ̀tì àti irin ojú fèrèsé máa ṣọ́ yín. A tún gbin igi dóńgóyárò kan sápá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, a jìn ín sí ògiri díẹ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa wú ìpìlẹ̀. Kò tíì tó ọdún mẹ́ta tó fi ń ṣíji bo fèrèsé yàrá àwọn ọmọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun ní àǹfààní jù wá lọ. Kó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù lára ilé náà kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí èyí tó kúrú wà níbi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ti ń wọ̀. Kí fèrèsé yàrá kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, torí afẹ́fẹ́ ò lè wọlé níbi tí kò ti ríbi jáde. Kí síìlìn ga. Kí etí òrùlé yọ síta. Ẹ má ṣe jẹ́ kí birikilà fi ojú fo ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé ẹ̀ ń wá yàrá kan sí i.

Gbogbo ohun tá a ṣe yìí ò sọ ilé náà di òkè Jos. Àmọ́ àwọn ọmọ ń sùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àwọn tó ní ọmọ jòjòló tàbí àgbàlagbà nílé mọ ohun tá à ń sọ: ara irú wọn ò lè tètè lé ooru jáde. Tí òòyì bá ń kọ́ ẹnì kan lákòókò ooru, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tó sì ń sọ̀sọkúsọ, ẹ gbé e síbi tó tutù, ẹ fi omi rẹ ara rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kì í ṣe ibà ni gbogbo ara gbígbóná.

Omi ò mọ lánlọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí ayálégbé

Ọ̀rọ̀ omi le ju ti ooru lọ. Èèyàn lè kun òrùlé, àmọ́ kò sí ọ̀dà tó ń dá odò dúró. Ibí yìí náà ni amọ̀ tá à ń yìn lẹ́ẹ̀kan ti máa ń jáni kulẹ̀: omi tó bá dúró ti ògiri amọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan á wó o lulẹ̀. Níbi tí odò ti ń wọlé, kọnkéré àti òkúta ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, ó kéré tán títí dé òkè ibi tí omi dé rí.

Ibi tí omi dé rí! Ìbéèrè tó yẹ ká bi lánlọ́ọ̀dù wa nìyẹn ká tó sanwó. Kódà kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù ló yẹ ká bi. Ẹni tó ń ta àkàrà ní ìkóríta àti bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni ká bi. Ká wo ara igi àti ara ọgbà àwọn ilé tí wọn ò tíì kùn.

Ní October 2022, ọjọ́ mẹ́ta ni odò fi ń wá díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó wà lẹ́nu gọ́tà. Lọ́jọ́ kejì, ó wà lójúlé. A gbé fìríìjì lé orí tábìlì, a sì rò pé a gbọ́n. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, omi ti wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tó wà nísàlẹ̀ ògiri. Ọlọ́run ló yọ wá, torí pé wọ́n ti mú iná. Tá a bá tún máa wà níbi tí omi lè dé, ohun àkọ́kọ́ tá a máa ṣe ni pé ká gbé gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sókè. Ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ ti rin gbindin ká tó rántí wọn. Láti ìgbà yẹn, inú nọ́ọ́nù méjì ni gbogbo ìwé wa wà, nínú báàgì kan tó gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. A fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọmọ jáde. Bàbá tó ń wà á kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣe fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀, òótọ́ ló sì sọ: omi tó ń ṣàn tí kò ju orúnkún lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ihò gọ́tà wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí omi fà, ìyà tó kù wà nínú kànga. Ṣáláńgá ti kún, ó sì ti dà pọ̀ mọ́ omi. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ púpọ̀ ládùúgbò. Ẹ má ṣe mu omi kànga lẹ́yìn omíyalé láìsè é.

Tá a bá fẹ́ sọ òótọ́, wọ́n ti kìlọ̀ fún wa. Lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àjọ NiMet máa ń sọ bí òjò ṣe máa rí, àjọ NIHSA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò sì máa ń ka orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè ya wọ̀. Orúkọ Lọ́kọ́jà kì í wọ́n níbẹ̀. A gbọ́ ọ lórí rédíò, a sì yí rédíò sí bọ́ọ̀lù.

Ohun tí ìdílé kan ò lè dá ṣe

Tí omi bá dé, gbogbo èèyàn ló máa ń pariwo orúkọ Lagdo. Ìsédò kan ni, ó wà lórí Odò Bẹ́núé ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1982. Wọ́n ti pinnu pé Nàìjíríà náà máa ṣe ìsédò kan sí Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa tó máa gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀. Wọn ò parí rẹ̀ di bá a ṣe ń wí yìí. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ìdílé kan lè fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́. Síbẹ̀, mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi lọ́dún 2022 sọ pé òjò tó rọ̀ sórí ilẹ̀ tiwa gan-an ló pọ̀ jù nínú omi tó ya wọlé. Òjò yẹn ń wá ọ̀nà tó máa gbà, ọ̀rá tí wọ́n fi ń ta omi tútù sì ti dí gọ́tà pa.

Ìlú kan wà tó yẹ ká gbọ́ ìtàn rẹ̀. Freetown ni, lórílẹ̀-èdè Sierra Leone, ibi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lọ lẹ́yìn tí wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tó fi mọ́ Àjàyí Crowther. Àwọn la wá ń pè ní Sàró nígbà tí wọ́n pa dà délé. Òkè yí ìlú náà ká. Àwọn èèyàn ń gé igi orí òkè kí wọ́n lè ríbi kọ́lé sí. Ní àárọ̀ August 14, 2017, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, apá kan lára òkè Sugar Loaf já wálẹ̀ lágbègbè Regent, ó sì bo àwọn ilé mọ́lẹ̀. Àwọn tó kú àtàwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Yvonne Aki-Sawyerr di olórí ìlú náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ní ìlú náà máa gbin igi mílíọ̀nù kan. Gbogbo wa la ti rí irú ìyẹn rí: gómìnà á gbin igi kan níwájú kámẹ́rà, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ohun tí Freetown ṣe yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ni wọ́n ní kó gbin igi náà kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á fi fóònù ya igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa pa dà lọ wò ó, torí pé igi tó bá ṣì wà láàyè ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Lọ́dún 2021, ìlú náà yan Eugenia Kargbo pé kó máa bójú tó ọ̀rọ̀ ooru nìkan, irú ẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ta ìbòrí sókè sáwọn ọjà tó wà ní gbangba, kí oòrùn má bàa máa pa àwọn ìyá tó ń tajà látàárọ̀ dalẹ́. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé ọmọ pọ̀n ta tòmátì lábẹ́ oòrùn ọ̀sán mọ iye tó tó.

Ní àdúgbò wa ní Lọ́kọ́jà, a ò rí mílíọ̀nù kan igi. Gọ́tà la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn omíyalé yẹn, àwọn ilé méjìlá tó wà ní òpópónà wa dá owó díẹ̀ jọ, a gba ọmọlanke méjì, a sì kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà fún ọjọ́ Sátidé mẹ́rin. Ilé mẹ́ta ò san kọ́bọ̀ títí dòní, a mọ̀ wọ́n. Ó kéré tán, omi òjò lásán ò dúró sójú ọ̀nà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tí odò bá tún gbéra, ìyẹn á jẹ́ ọ̀rọ̀ míì.

A kó kúrò nínú ilé yẹn ní January 2023, a lọ sápá ibi tó ga. Ìlà tuntun ti wà lára ògiri, ó fi nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí a tó ti ilẹ̀kùn, ọmọ wa obìnrin fi ìṣó kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan: 2012, 2022.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, a gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ti kun ilé náà, búlúù ni lọ́tẹ̀ yìí. Òrùlé ṣì funfun, igi dóńgóyárò náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó kékeré kan jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́mú. A kí i, a bá a yọ̀, a sọ pé àwa la gbé ibẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà la ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ ká wọlé díẹ̀, a fẹ́ fi ọwọ́ hàn án ibi tí ìlà náà wà.